Àgbélébùú Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bí oòrùn bá ti ta sára ọkọ̀, tí òórùn ọ̀rá gbígbóná sì wọ̀ mí nímú, ìyá mi ni mo máa ń rántí.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ dúdú kan. Mo gbé e lọ sí Ọ̀rẹ̀, wọ́n bá mi fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo gbogbo ara rẹ̀, kí ọ̀dà rẹ̀ má baà họ. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ní bí nǹkan bá họ ojú ọ̀rá náà díẹ̀, kí n se omi gbóná, kí n rọra dà á sí i, ooru á mú un padà dán. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé ńṣe ni mò ń wá ibi tó họ kiri. Bí mo bá ti oko kòkó wa ní Àgọ́ Aláyé dé, tí ẹ̀ka igi ti họ ọkọ̀ lára, kẹ́tù á gorí iná. Ìyàwó mi á wò mí títí. "Omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ kò tíì gbóná, ti ọkọ̀ ti hó. Ẹ kúkú fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi àdín pa á lára."

Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í rí ohun tuntun kó má gbàdúrà sí i. Ilé àdúrà ti di ilé kejì fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé omi àdúrà àti imọ̀ ọ̀pẹ jáde, ó wọ́n omi yí ọkọ̀ ká, èmi náà ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀. Àfi bó ṣe ní, "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ohun tó ń ṣí ọ̀nà ire la fi ń ti ọ̀nà ibi." Kí n tó mọ̀, ó ti fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ fa àgbélébùú sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́, ojú ọ̀rá nìkan ló họ, ṣùgbọ́n àyà mi ló dà bí ẹni pé ó ya.

Mo sá wọlé, mo gbé omi kaná. Nígbà tí mo fi máa gbé kẹ́tù jáde, ó ti fi àpótí jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

"Kí lo fẹ́ fi omi ṣe?"

"Tíì yín ni mo fẹ́ pò, màámi."

Ó yíjú sí mi. "Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, o ò po tíì fún mi rí. Àdúrà yìí mà ti ń ṣiṣẹ́. Má fi ṣúgà sí i."

Mo po tíì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń da omi sí ibi tí igi họ, mo máa ń yà fún àgbélébùú yẹn, tí omi bá sì ṣẹ́ kù nínú kẹ́tù, tíì ìyá mi ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ìyá mi sùn nínú Olúwa, tí a ti ibi ìsìnkú dé, mo lọ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. N kò rí àgbélébùú. Mo fọwọ́ wá a, mo dọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn kí n lè fẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Ó dán kedere. Oòrùn tó ń pa á lójoojúmọ́ ti rọra ṣe ohun tí n kò fi omi ṣe, n kò sì mọ ọjọ́ tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí igi bá họ ọ́ nísinsìnyí, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Omi tí mo bá gbé kaná láàárọ̀, tíì ni mo ń fi í pò. N kì í fi ṣúgà sí i.