Ìparí Ìtàn Tó Bá Aṣọ Nọ́ọ̀sì Lọ

Ògiri pákó kan ṣoṣo ló pín ìsọ̀ mi níyà sí ìsọ̀ alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Adájọ́. Èmi, bàtà ni mo ń rán. Iṣẹ́ mi kì í pariwo, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún tí mi ò ní gbọ́. Ohun tí mo bá sì gbọ́ tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan fún un lára ògiri. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìlà mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ìgbà kan ni tí Adájọ́ bá ẹni inú tẹlifíṣàn jà.

Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Kò sí ẹjọ́ tí kì í dá. Bó bá ń lọ aṣọ lọ́wọ́, tí ẹnì kan purọ́ nínú eré, á gbé áyọ́ọ̀nù sókè, á ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ta lo rò pé ò ń tàn jẹ?" Ìyá ọkọ kan wà nínú eré aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó wọ gíláàsì, tó ń fi ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbolẹ̀. Òun nìkan ló gba ìlà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú mẹ́tàlélógójì yẹn. "Ìyá yìí, ẹ sùn sílé ọmọ yín, ẹ tún wá ń ka ẹran inú ìkòkò rẹ̀. Ṣé ẹ ò nílé ni?"

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi Adájọ́ léèrè, á ní òun kì í wo tẹlifíṣàn, ìyàwó òun ló ń wò ó. Lóòótọ́, Ìyá Pupa ló ni ín. Orí tábìlì kejì ló gbé e sí, tábìlì tó yẹ kí wọ́n máa ká aṣọ sí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ tábìlì yìí.

"Gbé àpótí òmùgọ̀ yìí kúrò lórí tábìlì mi."

"Bàbá wa, ẹ jẹ́ ó jókòó. Òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láìbínú nínú ilé yìí."

Ní ti Adájọ́, pépà ni tirẹ̀. Ó máa ń ra pépà àtijọ́ jọ láti fi wé aṣọ fún oníbàárà, àmọ́ kò ní fi wé e láìkọ́kọ́ kà á. Oníbàárà á dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ mi." Adájọ́ á ní, "Ó ku ìlà mẹ́rin."

Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀ ṣúlẹ̀, aṣọ kankan ò gbẹ. Adájọ́ tú ìdì pépà kan, ó sì rí ìtàn kan níbẹ̀ tí wọ́n gé sí apá mẹ́rìnlá. Ó to gbogbo rẹ̀ tẹ̀léra, kò sí èyí tó dín. Ló bá pe ìyàwó rẹ̀.

"Wá wo ìtàn gidi. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìparí. Eré tìrẹ yẹn, ẹni tó lóyún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kò tíì bí i."

"Ẹ kà á kí n gbọ́," Ìyá Pupa dáhùn. "Bó bá parí lóòótọ́, màá gbé tẹlifíṣàn mi kúrò lórí tábìlì yín. Bí kò bá parí, ẹ ò gbọdọ̀ pè é ní àpótí òmùgọ̀ mọ́ láyé yín."

"Mo gbà. Aránbàtà, ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Inú ìsọ̀ mi ni mo wà, wọn ò tiẹ̀ rí mi.

Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. Ọmọbìnrin kan, atẹ̀wé ní kóòtù, gbé àpótí kan jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi àpótí náà sílẹ̀ fún un kó tó kú. Títì ló wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Ó ní òun ò ní fẹ́ ọkọ kankan títí òun á fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti tì í. Apá kẹta ló sọ iye ọdún yẹn.

Lójoojúmọ́, bí aago márùn-ún bá lù, Adájọ́ á gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ka apá kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ńṣe ni Ìyá Pupa kàn rẹ ohùn tẹlifíṣàn sílẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pa á. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, òun ló ń ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀ pé aago márùn-ún ti ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá pépà sọ̀rọ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń bá tẹlifíṣàn sọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, má tẹ̀lé alágbẹ̀dẹ tó ní òun á rọ kọ́kọ́rọ́ míì yẹn, kò níwà."

Gbogbo ẹni tó bá wá gba aṣọ ló ń sọ ohun tó rò pé ó wà nínú àpótí. Dírẹ́bà kan ní wúrà ni. Adájọ́ ní ìwé ilẹ̀ ni, kò sí àní-àní. Ìyá Pupa ní aṣọ ọmọ ọwọ́ ni, pé ìbejì ni wọ́n bí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n fi èkejì pa mọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní bí wọ́n bá ṣí i, a ó rí i. Ìyá Pupa ní ojo ni mí.

Ó wá di ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́bọ̀. Aago márùn-ún lù, Adájọ́ na ọwọ́ sí ìdì pépà. Kò rí i. Ó gbé abọ́ aró, ó gbọn àpò ọṣẹ, ó yẹ abẹ́ ìjókòó wò.

"Ìyá Pupa, ìwọ lo mú un."

"Èmi tí mi ò mọ̀wé? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n má bàa borí ni."

"Ẹ bá mi bi Aránbàtà, ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan."

Mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ wọ́n ti pè mí. Àlàfo kan wà láàárín pákó, ojú mi sì ti rí i lọ́jọ́ ìṣẹ́gun. Ìyá ọkọ onígíláàsì yẹn ló gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Adájọ́ kọjú sí tẹlifíṣàn, ó kẹ̀yìn sí pépà, ó ń fi ìka kan bá ìyá náà wí. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ló ń fa pépà lẹ́yìn rẹ̀ láìwò ó. Ìdì aṣọ mẹ́ta ló wé kí eré yẹn tó parí.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ̀yin lẹ fi wé aṣọ. Ìlà kọkàndínláàádọ́ta nìyẹn."

Adájọ́ jókòó. Ẹni tí kì í wo tẹlifíṣàn. Ìyá Pupa ń nu ojú tẹlifíṣàn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Tèmi kì í wé aṣọ," ó ní. "Mo fún yín di ọjọ́ àbámẹ́ta. Bí ẹ ò bá rí i, kò parí nìyẹn." Ó wá fi kún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣùgbọ́n ẹ wá a dáadáa o. Kí ló wà nínú àpótí yẹn gan-an?"

Lọ́jọ́ ẹtì, Adájọ́ ti ìsọ̀ pa, ó lọ wá àwọn mẹ́ta tó gba aṣọ. Dírẹ́bà ti fi tirẹ̀ nu gíláàsì ọkọ̀. Wọ́n tú u, eré bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀. Káfíńtà ti gbé agolo ọ̀dà lé tirẹ̀, Adájọ́ sì dọ̀bálẹ̀ ka ohun tó kù létí agolo: ìpolówó ọṣẹ. Ẹnì kẹta ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ó sì ti lọ kí ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ó di ọjọ́ kejì. Ìyá Pupa lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Ó ní iyọ̀ lòun fẹ́ tọrọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì yọ. Kò yà lọ́dọ̀ Adájọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà, ó gbé bàtà funfun kan fún mi, bàtà ẹsẹ̀ òsì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ṣí.

"Aránbàtà, ẹ bá mi kan ìdí rẹ̀. Òjò pa á, mo wá ki pépà sínú rẹ̀ kó má bàa súnkì."

Mo fa pépà náà jáde. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, àmọ́ mo mọ nọ́ńbà. Apá kẹrìnlá ló wà lókè rẹ̀. Mo fi òòlù kan pákó.

Tọkọtìyàwó sáré dé. Adájọ́ gba pépà náà, kò kà á. Ó gbé e lọ sórí tábìlì, ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi tẹ́jú bí aṣọ ìbora, ó wá kà á.

"'Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i. Ìdérí àpótí náà ké. Ó wo inú rẹ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni'"

"Ni kí ni?" Ìyá Pupa bèèrè.

"Ibẹ̀ ló ya dé."

Gbogbo wa kọjú sí nọ́ọ̀sì.

"Bàtà ọ̀tún dà?" Adájọ́ ní.

"Ó wà nílé. Kò bàjẹ́."

"Nọ́ọ̀sì," Ìyá Pupa ní, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, "ó bàjẹ́. Ó ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ ò kàn tíì mọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e."

Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni wọ́n lò, nílé tó jẹ́ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lèèyàn fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Ìyá Pupa ló ṣáájú padà, bàtà ọ̀tún ló gbá mọ́ àyà. Adájọ́ lọ èyí náà tán, ó kà á.

Ẹ̀wù funfun kan ló wà nínú àpótí, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. "Èyí ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá rẹ níyàwó. Fún ọkọ rẹ." Ọmọbìnrin náà gbé e lọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó bá a mu, ó funfun báláú. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Ó parí.

Ìyá Pupa ti ń fi etí aṣọ nu ojú. Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. Adájọ́ ń wo pépà.

"Irọ́ ni," ó ní. "Aránbàtà, ọdún mélòó ni wọ́n ti ti àpótí yẹn?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ẹ̀wù funfun, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò rí oòrùn, kò rí omi, kó wá funfun báláú? Á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kòkòrò á ti jẹ kọ́là rẹ̀ tán. Ẹni tó kọ ìtàn yìí kò fọ aṣọ rí láyé rẹ̀."

"Ìfẹ́ ni bàbá rẹ̀ fi dì í," Ìyá Pupa ní.

"Ìfẹ́ ti di ọṣẹ?"

"Bàbá wa, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ó parí, àbí kò parí?"

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Bó bá ní ó parí, ó ti gba ẹ̀wù báláú nìyẹn. Bó bá ní kò parí, tábìlì ti lọ. Ó yí pépà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ó parí," ó ní níkẹyìn, "àmọ́ ó parí burúkú."

"N ò bá yín ṣàdéhùn pé kó parí dáadáa. Ẹ bá mi gbé e."

Bí tẹlifíṣàn ṣe wọ yàrá inú nìyẹn, lórí àpótí ìjókòó. Nọ́ọ̀sì ní ṣé òun lè gba bàtà òun báyìí.

Lọ́jọ́ ajé, Adájọ́ na aṣọ sórí tábìlì méjèèjì bí ọba. Bó ṣe di aago mẹ́rin, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn eré láti inú yàrá. Ó dáwọ́ dúró.

"Kí ni ìyá yẹn ń sọ?"

"Ìyá wo?" Ìyá Pupa dáhùn láti inú. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo tẹlifíṣàn."

Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun, ó ní oòrùn ń pa òun níta, ó fa tábìlì kan dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́bọ̀, áyọ́ọ̀nù ti wọ yàrá. Mo fa ìlà tó pé àádọ́ta lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri méjì ló wà láàárín wa báyìí, ó sì di kí n na etí kí n tó gbọ́: "Ìyá yìí, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ọlọ́kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Tábìlì kejì ò ṣófo o. Ìyá Pupa ti kó gbogbo pépà inú ilé jọ sórí rẹ̀. Aago márùn-ún ni wọ́n ń kà á, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa ẹyọ kan níbẹ̀ tí òun ò bá tíì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ẹtì, nọ́ọ̀sì wá gba aṣọ, wọ́n sì gbé e lé e lápá báyìí, láìwé.

"Pépà wá kún orí tábìlì," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ ò ní bá mi wé e?"

"Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì," Ìyá Pupa ní. "A ò tíì kà á débẹ̀."