Pákó Etí Ààrò

Òórùn fánísì ni mi ò lè fara dà títí dòní. Bí mo bá kọjá níbi tí káfíńtà ti ń kun àga báyìí, ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àdúgbò Brays Oaks, ní Houston, ni mo máa ń rí. Ìwọ náà rántí Houston ìgbà yẹn, nígbà tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ tí àwọn èèyàn ń sá fi ilé wọn sílẹ̀. Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi rí ilé ńlá rà ní pọ́ọ́kú.

Ẹnjinníà ni wọ́n, ní Energy Corridor, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ epo pọ̀ sí. Àwọn ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà, àwọn ló ń san owó iléèwé mi, èmi sì ń bá kọ́ńtírátọ̀ kan lẹ táìsì lẹ́yìn kíláàsì. Nítorí náà, nígbà tó kan ààrò inú ògiri pálọ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń dáná igi sí nígbà òtútù, èmi ni wọ́n pè pé kí n tún ojú rẹ̀ ṣe. Mo gbé táìsì àti bíríkì pẹlẹbẹ wá. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Pákó pupa tó ń dán ni wọ́n fẹ́, kó dé ẹnu ààrò gan-an, torí wọ́n ti rí irú ẹ̀ nílé ọ̀gá wọn.

Mo ní, “Bọ̀dá mi, pákó ò gbọdọ̀ sún mọ́ iná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi táìsì yí ẹnu ẹ̀ ká ná.”

Àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì jókòó níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí mò ń rán níléèwé ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ẹnjinníà. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ dáná níbẹ̀? Kàn án, jàre!”

Kí ni ìwọ ì bá ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ tí mo sọ ni mò ń tọrọ àforíjì fún! Mo wá kàn án, mo kùn ún ní fánísì lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo èèyàn sì yìn mí lọ́jọ́ ìṣílé.

Ní Disẹ́ńbà, màmá wa wá kí wa láti Ìjẹ̀bú. Onídìrí ni wọ́n, gbogbo àdúgbò ló mọ ọwọ́ wọn. Òtútù tí Houston kì í sábà rí wá dé lójijì, omi dì nínú páìpù, iná mànàmáná lọ. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn wà níbi iṣẹ́. Màámi rí ààrò, wọ́n rí igi ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì koná bí ẹni fẹ́ se ìrẹsì ìnáwó. Kò pẹ́ tó fi ràn mọ́ pákó mi. Omi ò yọ lẹ́rọ, aṣọ àti ọwọ́ ni wọ́n fi pa á. Ìgbà tí mo dé, fánísì ń rùn dé títì, Màámi jókòó síta, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún tó ti jóná síwájú bíi pé kì í ṣe tiwọn.

Ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa pé iṣẹ́ jákujàku ni mo ṣe. Èmi! Inú bí mi débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, “ẹ káàárọ̀, sà” nìkan ló ń dà wá pọ̀.

Lọ́jọ́ tí Màámi ń padà sílé, èmi ni mo wa mọ́tò dé pápákọ̀ òfurufú. Lórí fíríwè, ìyẹn títì márosẹ̀ wọn, ni Màámi ti bi mí pé, “Nígbà tí ò ń kàn án, ṣé o mọ̀ pé ó lè jó?”

“Mo mọ̀, Màámi. Mo sọ fún Bọ̀dá mi.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

Wọ́n kọjú sí fèrèsé.

Ìka wọn ò ká mọ́, wọn ò sì dirí fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo máa ń pe ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ yẹn ní ọ̀wọ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ojú àwọn àlejò yẹn ló ń tì mí, owó iléèwé mi ni mo sì ń bẹ̀rù fún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo la ẹnu mi. Ìṣó tí mo kàn mọ́ pákó yẹn, mi ò lè ka iye rẹ̀.