Mẹ́mọ̀rì Sìkírá

Eruku inú kọ̀ǹpútà ní òórùn tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníṣẹ́ kan ní Mowe tú ti ọmọbìnrin mi, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, òórùn yẹn sì gbá mi nímú. Kíá ni ọkàn mi padà sí Ibafo ìgbà èwe wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ò wọ́pọ̀ nígbà náà. Bàbá mi àti bàbá Sìkírá, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kan tiwa, jọ ra tòkunbọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì. Àwa ọmọ á fọwọ́ fọsẹ̀ ká tó jókòó síwájú wọn, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà. Sìkírá ń kọ́ ìwé títẹ̀. Ìka rẹ̀ ń rọ̀ bí òjò orí páànù. Èmi fẹ́ máa ya àwòrán ilé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tèmi á kàn dákú síwájú mi.

Bọ̀dá Gànì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní mẹ́mọ̀rì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló kéré. Ó yọ ọ́ hàn wá, pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé níbì kan nídìí.

"Ibi tí wọ́n gé yìí gbọ́dọ̀ bá ihò rẹ̀ mu. Tuntun tó wà lọ́jà ò ní wọ̀ ọ́. Ayédèrú á wọ̀ ọ́, á sì máa ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ ní sùúrù, kí n wá ojúlówó."

Mo bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì, Sìkírá yọ mẹ́mọ̀rì tirẹ̀ wá, ó fi ìborùn wé e bí ẹyin.

"Ṣebí ìbejì ni wọ́n? Tèmi á wọ tìẹ."

"Tìẹ wá ńkọ́?"

"Tí Bọ̀dá bá rí òmíràn, màá lò ó."

Mo gbà á. Kọ̀ǹpútà tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Tirẹ̀ ń ké píì, píì, ojú rẹ̀ dúdú. Bọ̀dá ò tíì rí òmíràn tí àwọn Sìkírá fi kó lọ sí Owódé Ẹ̀gbá. Mo ní kí n dá a padà. Sìkírá ní kí n kọ́kọ́ parí ilé tí mò ń yà.

Àwòrán ilé ni mo fi ń jẹun dòní. Sìkírá ò padà sídìí kọ̀ǹpútà mọ́. Nígbà tí mo wá a kàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ta òwú ìránṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìyẹn lo ṣì ń gbé kiri?"

Ayé ti yí. Fóònù ni ọmọ mi fi wo irú mẹ́mọ̀rì tó bá tirẹ̀ mu, ó sì rí i rà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí wọ́n bá yìn mí nítorí ilé tí mo yà, ojú máa ń tì mí, ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n sọ fún wọn pé àwa méjì la yà á.