A Kì Í Pe Ẹni Tó Ń Lọ Sókun

Ọmọ ọmọ mi, Dámilọ́lá, ló fa ọ̀rọ̀ yìí yọ. Ọjọ́ Sunday kan ni, bí ọdún méjì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sílé mi ní Garki ni, ọyẹ́ ti bó ètè gbogbo wa, ọmọ náà sì nà gbalaja sórí àga, ó ń tẹ fóònù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sí Èkó fún Kérésì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi pákó gun ìgbì létí òkun. Ó kọjú fóònù náà sí mi.

"Grandma, ẹ wò ó. Wave yẹn one point five metres, ó ń wá every thirteen seconds. Wind náà ò sì le. Abeg, ṣé ìyẹn okay?"

Kí n tó dáhùn, àwòrán kan ṣí lórí fóònù náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú pálọ̀ mi. Ó fà hùùù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wó gbì. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ní Abuja níbí, ìró omi tí mo mọ̀ kò ju ti ọmọlanke àwọn mai ruwa tó ń gbé jálá omi kiri àdúgbò, àti ti ẹ̀rọ omi tó máa ń wúkọ́ kó tó pọ omi pupa jáde. Mo ní kó pa á. Ọmọ náà rò pé ariwo rẹ̀ ló ń dà mí láàmú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, etí òkun ni wọ́n ti bí mi, ní abúlé Ìlàjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí bí ẹ bá wá a lọ, ẹ ò ní bá a. Ọ̀sà wà lẹ́yìn wa, òkun wà níwájú, àwa wà láàrin lórí iyanrìn bí ẹni tó lọ làjà tọkọtaya. Ilé pákó ni gbogbo ilé wa, èéfín ẹja ló kùn ún dúdú. Iyọ̀ wà nínú aṣọ wa, ó wà nínú irun wa. Ìyá mi kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ní afẹ́fẹ́ lè ti bá òun fi sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í bi ara wa pé ṣé dáadáa la jí. "Òkun ńkọ́?" là ń bi ara wa, ìdáhùn rẹ̀ sì ni, "Ó dákẹ́." Bí òkun tilẹ̀ ń bú ramúramù tí ògiri ń mì, "Ó dákẹ́" náà la ó dáhùn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé bó bá dé ọ̀dọ̀ àlejò, kó sọ pé òun ti yó.

Bàbá mi ni Awòkun ìlú. Kì í ṣe oyè, kò ní fìlà, kò ní ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ kankan tó kúrò lórí iyanrìn láàárọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ wo òkun. Láti ìgbà tó bá ti jí, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Ìyá mi mọ èyí, gbogbo ẹjọ́ tó bá sì ní í bá a rò, àárọ̀ yẹn ló máa ń fi wọ́n pamọ́ sí. Yóò máa rojọ́ tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi yóò kàn máa ṣẹ́jú, àwa ọmọ yóò sì máa fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Yóò wọ inú omi dé orúnkún. Yóò fi itọ́ pa ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Yóò wo àwọ̀ omi, yóò wo ibi tí àwọn ẹyẹ ń bà sí, yóò wo bí omi ṣe ń hó létí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ló tó kan ìgbì fúnra rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ní ìlú wa, a kì í sì í ka ìgbì fún òkun. Ìkarahun wẹ́wẹ́ ni bàbá mi máa ń kó sọ́wọ́ òsì, bí ìgbì kan bá fọ́, yóò mú ẹyọ kan bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ wá. Àwọn ńláńlá tí à ń pè ní àwọn ẹ̀gbọ́n yóò wá tò tẹ̀lé ara wọn dé, wọn yóò fọ́ gbì, gbì, gbì. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ti kọjá tán, omi yóò sinmi díẹ̀. Inú ìsinmi yẹn ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà jáde. Bàbá mi yóò da ìkarahun náà nù, yóò ní, "Ó yá!"

Bó bá ti ní ó yá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwọn ọkùnrin yóò ti ọkọ̀, wọn yóò fò sínú rẹ̀, àjẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìdí ọkọ̀ bá ti kúrò lórí iyanrìn, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tó wà létí omi pe àwọn tó wà nínú rẹ̀. A kì í pe ẹni tó ń lọ sókun láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, òkun á mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan gbàgbé gbogbo oúnjẹ rẹ̀ sórí iyanrìn rí, igbá gàrí, ẹja yíyan, ata àti ohun gbogbo. Gbogbo wa dúró ti ẹrù náà, a ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ lérí, kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta ni ọkọ padà dé, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ìbínú rẹ̀ sì kọjá sísọ, àmọ́ kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí ẹ ò pè mí. Òun náà mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹbùn lọ̀rẹ́ mi. Ilé wọn kọjú sí tiwa, oṣù kan náà ni wọ́n sì bí wa. Àwa ọmọdé máa ń gun ìgbì nígbà náà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi í ṣe fàájì Kérésì. Pákó ọkọ̀ tó ti fọ́ la máa ń wá, a ó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, ìgbì á sì gbé wa wá sórí iyanrìn. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Omi iyọ̀ tí mo mu láyé mi á kún ìkòkò. Ẹbùn ní tirẹ̀ máa ń dúró de àwọn ẹ̀gbọ́n ni, á kẹ̀yìn sí wọn, á kígbe orúkọ mi kí n lè wò ó, á sì bá ìgbì náà dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá mi máa ń sọ pé ká ní obìnrin ń wo òkun ni, òun mọ ẹni tí òun ì bá kọ́.

Ọdún tí a pé mẹ́wàá ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní òun fẹ́ mú un lọ síléèwé ní ìlú kejì, ọkọ̀ òkun ni wọ́n sì máa bá lọ. Oṣù kẹfà ni, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ra bàtà rọ́bà funfun fún un, kò sì jẹ́ bọ́ ọ, inú ọkọ̀ náà ló wọ̀ ọ́ sí. Ìyá rẹ̀ dúró lórí òkìtì iyanrìn. Èmi gun orí ọkọ̀ àlòpatì kan kí n lè rí i dáadáa. Bàbá mi wo òkun, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wá, wọ́n fọ́, wọ́n kọjá. Ó da ìkarahun nù, ó ní, "Ó yá!"

Ọkọ̀ kúrò lórí iyanrìn. Ìgbà náà ni mo rí i. Lókèèrè, ní ẹ̀yìn ibi tí omi ti sinmi, ìlà dúdú kan dìde, òmíràn sì tún dìde lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mìíràn ló ń bọ̀, láìtó àkókò. Ọkọ̀ náà kò tíì jìnnà nígbà yẹn. Ọkùnrin tó mọ omi lè fò sílẹ̀ kí omi má ju àyà rẹ̀ lọ. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun mi, orúkọ rẹ̀ gan-an ló fẹ́ jáde. Mo rántí èèwọ̀, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì bo ẹnu.

Ọkọ̀ náà fi ìdí dúró lórí ìgbì bí ẹni tó fẹ́ jókòó, ó sì dojú dé. Àwọn àgbàlagbà mẹ́rin lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ọjọ́ kẹta ni òkun gbé Ẹbùn wá fún wa. Ẹ̀yìn abúlé lọ́hùn-ún, lábẹ́ àwọn igi àgbọn, la sin ín sí, ibi tó jìnnà sókun débi pé òùngbẹ gbẹ wá ká tó débẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dá bàbá mi lẹ́bi. Wọ́n ní bí yóò ṣe rí ni. Bàbá mi kò wo òkun mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ bí àwọn ọkùnrin yòókù, ìyá mi kò sì rojọ́ mọ́.

Mo kàwé, mo ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ gbé mi dé Abuja, mo sì fẹ̀yìntì síbí. Òkun ń jẹ ìlú wa lọ ní gbogbo ìgbà yẹn, lọ́dọọdún, ilé kan, ilé méjì. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń ṣèpàdé ní Garki kọ ìwé títí. Mo mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń sùn, torí èmi náà ti tọ́jú fáìlì rí. Nígbà tí òkun gbé ilé ìdáná ìyá Ẹbùn lọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Kọ́lá, tí wọ́n bí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Idu, létí Abuja níbí, níbi tó ti ń ṣe wẹ́dà. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, eruku ló wà níwájú ẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ọ̀rọ̀ Hausa kan ṣoṣo tó gbọ́ ni yauwa, ìyẹn "ó dára", bí wọ́n kí i, yauwa, bí wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ rà, yauwa náà ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ fóònù yẹn ni Kọ́lá pè mí. Wọ́n ti fi tó o létí láti ilé pé òkun ti dé ibi àwọn igi àgbọn, kò sí sàréè kankan tó kù.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá mi," ni Kọ́lá wí. "Ẹnu mi ò gbà á."

Mo wọ takisí lọ sí Idu. Mo bá ìyá lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ilẹ̀ gbalasa tí kòkòrò kan ò dún níbẹ̀. Ó dá mi mọ̀ látòkèèrè.

"Ọmọ Awòkun, òkun ńkọ́?"

"Ó dákẹ́" ló yẹ kí n sọ. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sọ fún un pé òkun ti gba ibi tí Ẹbùn sùn sí.

"Ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn," ló wí.

Nígbà náà ni ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọmọ ọdún mẹ́wàá já lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ìyá, mo rí ìgbì yẹn. Mo rí i kó tó débẹ̀, mi ò pariwo. Ẹ dárí jì mí." Mo rò pé yóò lé mi lọ. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó lé mi lọ.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lórí. "Èmi náà rí i," ló wí. "Orí òkìtì ni mo wà. Ibi tí mo dúró sí ga ju tìẹ lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Mo wo bàbá rẹ, òun náà ti rí i. Ó bojú wò mí, èmi náà bojú wò ó. Ọkọ̀ ti kúrò lórí iyanrìn."

Kò sunkún. Ó ní kí n bá òun bu omi mu, mo bu ú wá.

Mo ti rò ó títí, mi ò rí ìtùnú kankan nínú rẹ̀. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan ni, ó sì sàn bẹ́ẹ̀ jù. Òkun ti kó iyanrìn náà lọ, ó ti kó ilé àti àgbọn àti òkú wa lọ, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo òkun ti kú tán. Èèwọ̀ náà nìkan ni kò kó lọ. Mo ṣì ń bá a láàárín àwọn ará ilé wa níbí, nínú bí a ṣe ń rí ohun tó ń bọ̀ tí a ó fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ariwo wa ì bá gbà á là. Ìgbì náà ti dìde, ọmọdé sì ni Ẹbùn, bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ì bá gbọ́ pé a ń pe òun.