Ọpọ́n Onígi Bàbá Ará Mali

Òórùn lúrú ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí n tó gbọ́ pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Lórí àtẹ̀gùn estate wa ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, òórùn bleach àti adìẹ díndín lo sábà máa bá pàdé. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn ewé osè tí wọ́n fi ń se lúrú níbẹ̀ á rò pé imú òun ń tan òun jẹ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ti kú ní Ìlọrin lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n sì ti sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Mi ò lè lọ, torí pásípọ́ọ̀tù mi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn immigration.

Àwọn ará mọ́sálásí ti wá, wọ́n ti ṣe àdúà, oníkálukú sì ti padà sẹ́nu shift rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí síbí, ló kù tì mí. Bó bá gbé oúnjẹ wá, màá ní kó gbé e kalẹ̀. Tó bá yá, á wá gbé e lọ bó ṣe wà. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, just small," ló máa ń wí, ojú òun náà sì ti pọ́n.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, bàbá tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ará Mali ni wọ́n, ẹ̀yà Dogon, láti orí àwọn òkè olókùúta ibẹ̀. Mọ́sálásí kan náà la jọ ń lọ. Ọpọ́n onígi kan tí mo ti máa ń rí nínú pálọ̀ wọn, tí mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ni wọ́n gbé dání. Igi náà dúdú, ó ń dán bí awọ ara tí wọ́n ti ń fi òrí pa láti kékeré. Wọ́n fín ìlà wọ́gọwọ̀gọ yí i ká bí omi tó ń ṣàn, wọ́n sì gbẹ́ ọkùnrin kan tó gun ẹṣin sórí ọmọrí rẹ̀. Ó ti là níbì kan rí. Wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rán an.

Wọn ò fọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n gbé ọpọ́n náà sílẹ̀ láàárín pálọ̀, wọ́n rọra jókòó tì í pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì ṣí ọmọrí. Òkèlè jéró àti ọbẹ̀ lúrú ló wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹun nínú ọpọ́n yìí. Bí o ò bá jẹ, èmi náà ò ní jẹ."

Ta ló fẹ́ kí ebi pa àgbàlagbà nínú ilé òun? Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ọmọ mi náà jókòó tì wá. Nígbà tí lúrú yẹn kan ahọ́n mi, ó yọ̀, ó korò díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe ń sè é. Ẹkún tí n ò tíì rí sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí bá bú jáde. Bàbá ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n ń bu òkèlè tiwọn, wọ́n sì ń ti ẹja inú ọbẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ìtàn ọpọ́n náà. Ní ìlú wọn, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ ló tún ń gbẹ́ igi. Ọ̀kan nínú àwọn alágbẹ̀dẹ yẹn ló gbẹ́ èyí fún ìyá tó bí bàbá nígbà tó di ìyàwó. Wọ́n ní láyé àtijọ́, irú èyí tó ní ẹlẹ́ṣin lórí, oúnjẹ àwọn àgbà ìlú ni wọ́n ń bù sí i, àmọ́ ọmọ ni ìyá wọn fi tiẹ̀ bọ́. Ìlú òyìnbó ni àwọn náà wà nígbà tí ìyá yẹn kú, ogun ò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Àbúrò wọn ló gbé ọpọ́n náà wá fún wọn.

"N ò tíì rí sàréè ìyá mi títí dòní," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ẹni tó bá ti bá mi jẹun nínú ọpọ́n wọn, mo ti mú un dé ilé wa nìyẹn."

Ọmọ wọn ti wá mú wọn lọ sí France báyìí, wọ́n sì gbé ọpọ́n wọn lọ, bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá mi kẹ́dùn nígbà yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èrò mi nígbà náà ni pé ọjọ́ tí ìyá mi kú ni ilé bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀sán yẹn ló kọ́ mi pé wọ́n lè gbé ilé wá bá èèyàn níbi tó bá wà. Títí dòní, bí mo bá kírun tán tí mo ń ṣe àdúà fún ìyá mi, mi ò kì í dìde kí n tó fi orúkọ bàbá náà kún un.