Bàbá Mi Ti Gba Róbọ́ọ̀tì Mi

Inú ń bí mi burúkú. Bàbá mi ti gba róbọ́ọ̀tì mi!

Mo wo fídíò lórí fóònù, mo tú rédíò àtijọ́, mo fi ṣe róbọ́ọ̀tì náà, ọkọ̀ kékeré tó máa ń sáré téèyàn bá ti pàtẹ́wọ́.

Mo gbé e lọ fi han Bàbá nídìí òfì. N ò tíì pàtẹ́wọ́ o! Ariwo òfì ló gbọ́, ló bá sáré kó sínú òwú aṣọ òkè wọn.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, òfì yín ló pè é."

"Ìwọ, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, o ò dáhùn. Èyí, n ò pè é, ó ti dé. Òun ni màá máa rán níṣẹ́."

Òótọ́ ni, mo gbọ́ ìpè yẹn. Róbọ́ọ̀tì ọ̀hún ni mò ń tò lọ́wọ́.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ níbí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, màá ka ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí wọn létí.