Bí Ìyá Mi Ṣe Ń Pe Àgbádárìgì

Nígbà tí owó epo ń wọlé, tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ gba etí ìlú wa, Àgbádárìgì, mo ń kàwé ní yunifásítì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ Ìbàdàn kan tí mo fẹ́ fi ṣaya. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn kò lè fọmọ fún ẹni tí àwọn kò mọ ilé rẹ̀, wọ́n bá wá wò wá.

Ní ìdílé wa, bí àna bá kọ́kọ́ dé, ìyá ọkọ ló máa ń gbé omi dìde, tí yóò dárúkọ àwọn ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà dé ilé wa, kí àlejò tó mu ún. Ègùn ni ìyá mi, Topo ni wọ́n bí i sí. Ahọ́n rẹ̀ kì í gbé 'r' rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àwórì pọ́ńbélé, ní kí ó jókòó, òun ni yóò sọ ọ́. Ó ní bí àwọn ará Ìbàdàn bá gbọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n á rò pé òdìkejì ibodè ni a fẹ́ gbé ọmọ wọn lọ.

Ìyá mi wò mí. Mo ní ìyá mi ni yóò sọ̀rọ̀. Ilé mi ni wọ́n wá mọ̀, ohùn ilé mi sì nìyẹn.

Ó dìde. Hogbonu ló fi bẹ̀rẹ̀, ìlú tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. "A gba Apa, a dúló ní Topo, a wá gúnlẹ̀ ní Àgbádálìgì."

Ọ̀dọ́ kan nínú àwọn àlejò fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà ọmọbìnrin náà gba omi, kò mu ún.

"Ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà. A kúrò l'Ósogbo, a sinmi ní Ìwó, a wá dé Ìbàdàn."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí 'Òsogbo' yẹn, tí 'ṣ' ti di 's' lẹ́nu ará Ìbàdàn. "Màmá, ẹ̀yin náà ti gbàgbé nǹkan sójú ọ̀nà."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lára, ó wá mu èyí tó kù. Wọ́n fún mi lọ́mọ wọn.

Ìyá mi ti lọ. Bí òyìnbó ṣe kọ orúkọ ìlú wa sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é, n kì í sì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àna ọmọ wa dé láìpẹ́ yìí, ìyàwó mi, tí 'r' kò ṣòro fún, gbé omi dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Òsogbo, ó sì gúnlẹ̀ ní Àgbádálìgì.